Àmánà Kì Í Ṣe Ogún: Ta Ni Ó Ni Owó Tí A Ti Yọ̀ǹda Fún Ọlọ́hun?

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Olúwa gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí Ó ń fúnni ní ọrọ̀, tí yóò sì bèèrè bí a ṣe ná an. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àgbéǹde.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, à ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kò kan àwọn olówó ńlá nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni a ó ti mú díẹ̀ nínú àpẹẹrẹ wa. Ó kan ẹnikẹ́ni tí a bá fi owó mọ́sáláṣí, owó ilé kéú, owó ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tàbí owó ọmọ òrukàn sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ìbéèrè náà ni èyí: nígbà tí ènìyàn bá ti yọ owó kúrò nínú ọrọ̀ rẹ̀, tí ó sì wí pé òun ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún Ọlọ́hun nítorí àwọn aláìní, ta ni ó ni owó náà láti ọjọ́ yẹn lọ? Ǹjẹ́ ó ṣì lè máa pàṣẹ lórí rẹ̀ bí ẹni tí ń pàṣẹ lórí oko bàbá rẹ̀? Àwọn tí a yàn láti mójú tó o ńkọ́, iṣẹ́ ta ni wọ́n ń jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣíwájú wa. Umar ọmọ Khattāb, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ní ilẹ̀ kan ní Khaybar. Kò tíì ní dúkìá kankan rí tí ó níye lórí tó o lójú rẹ̀. Ó tọ Ànábì lọ láti gba ìmọ̀ràn, Ànábì sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé bí ó bá fẹ́, ó lè dá ilẹ̀ náà dúró, kí ó sì máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. Umar ṣe bẹ́ẹ̀. Ó là á sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, a kò gbọdọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, a kò sì gbọdọ̀ jogún rẹ̀. Ó dárúkọ àwọn tí èso rẹ̀ wà fún: àwọn aláìní, àwọn ìbátan, àwọn ẹrú tí à ń dá nídè, àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn àlejò. Ó gbà kí ẹni tí ń mójú tó o jẹ níbẹ̀ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ṣùgbọ́n kí ó má fi kó ọrọ̀ jọ fún ara rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Ó tún sọ ẹni tí yóò máa mójú tó o lẹ́yìn ikú rẹ̀: Hafsa ọmọbìnrin rẹ̀, tí í ṣe ìyàwó Ànábì, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn olóye nínú ẹbí.

Gbogbo ohun tí àjọ ìtọrẹ àánú nílò ti wà nínú ìwé kékeré yìí: iṣẹ́ tí dúkìá wà fún, àwọn tí ó wà fún, ẹ̀tọ́ alámòójútó àti ààlà rẹ̀, ẹ̀rí, àti arọ́pò. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó fi ipá mú Umar. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ de ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ayé òde òní. Ọ̀kan nínú àwọn àjọ ìtọrẹ àánú tí ó tóbi jù lọ láyé ni èyí tí Bill Gates àti ìyàwó rẹ̀ Melinda dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ó wà lára àwọn tí ó náwó sí ìgbìyànjú láti lé àrùn rọpárọsẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ìjọba, àwọn àjọ àgbáyé àti àjọ Aliko Dangote, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń ru àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń kán oògùn sí àwọn ọmọ wa lẹ́nu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé a ti lé ojúlówó kòkòrò àrùn náà kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí ènìyàn díẹ̀ bá pinnu nínú yàrá kan ní ìlú Seattle lè kan ọmọ jòjòló ní Nàìjíríà.

Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ènìyàn mẹ́ta péré ni alámòójútó àjọ ńlá yìí: ọkọ, ìyàwó, àti Warren Buffett, ọ̀rẹ́ wọn tí ó ṣèlérí ní ọdún 2006 láti máa da owó tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, tọkọtaya náà kéde pé àwọn ń kọ ara wọn sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà, Buffett fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn méjì tí wọ́n ń pínyà nìkan ni ó kù nínú ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ yàrá tọkọtaya wá di ọ̀rọ̀ aláìsàn káàkiri ayé. Ní oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n fi àwọn mìíràn kún ìgbìmọ̀ náà, lára wọn ni Strive Masiyiwa, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Zimbabwe, àti Minouche Shafik, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé tí a bí ní Íjíbítì. Nígbà tí Melinda kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024, pẹ̀lú bílíọ̀nù méjìlá ààbọ̀ dọ́là fún iṣẹ́ àánú tirẹ̀, iṣẹ́ kò dúró, nítorí pé a ti fẹ ìjókòó náà kí ó tó lọ.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n yọ owó wọn sílẹ̀; ọ̀pọ̀ olówó ni kò yọ nǹkan kan. Ohun tí a fẹ́ kí a rí ni pé ọrọ̀ tí a bá gbé lé èjìká ẹbí kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ẹbí náà bá mì ni yóò mì.

Ẹnìkan lè wí pé: bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ jẹ́ kí a gba gbogbo àṣẹ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó mú owó wá. Ẹ ní sùúrù. Edsel Ford ni ó dá àjọ Ford sílẹ̀ ní ọdún 1936, àjọ náà sì ṣí ilé iṣẹ́ sí Èkó ní ọdún 1960. Ní ìparí ọdún 1976, Henry Ford Kejì, ọmọ Edsel, kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó ní ẹ̀dùn ọkàn pé àwọn tí ń ṣàkóso rẹ̀ ti gbàgbé irú òwò tí ó bí owó tí wọ́n ń ná. Yálà ó jàre tàbí ó jẹ̀bi, ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Bí olùdásílẹ̀ ṣe lè sọ àmánà di ogún, bẹ́ẹ̀ ni alámòójútó lè sọ ọ́ di oko ìjẹ. Ìdí nìyí tí Umar fi kọ ohun tí dúkìá náà wà fún sílẹ̀: kí ẹni tí ó fi í sílẹ̀ má baà gbà á padà, kí ẹni tí a fi ṣọ́ ọ má baà yí i padà.

Irú ènìyàn wo ni ó wá yẹ kí ó jókòó níbẹ̀? Ẹ̀sìn wa dá wa lóhùn. Abū Dharr jẹ́ olódodo tí Ànábì fẹ́ràn, síbẹ̀ Ànábì kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe olórí ènìyàn méjì, kí ó má sì gba ìṣọ́ dúkìá ọmọ òrukàn, nítorí pé kò ní agbára rẹ̀. Nítorí náà, kìrun kíkí nìkan kò tó. Nígbà tí Ànábì Yūsuf sì bèèrè pé kí wọ́n fi òun ṣe olórí àwọn àká Íjíbítì, ohun méjì ni ó fi ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀: ìṣọ́ àti ìmọ̀. Olóòótọ́ tí kò lè ka ìwé ìṣirò owó yóò fọwọ́ sí ohun tí kò yé e. Ọ̀mọ̀wé tí kò páyà Ọlọ́hun yóò fọwọ́ sí ohun tí ó yé e dáadáa.

Ẹ tún rántí ọkùnrin tí Ànábì rán lọ gba sàká, tí ó dé tí ó pín ẹrù sí méjì, ó ní apá kan ni ti ìlú, apá kejì sì ni ẹ̀bùn tí àwọn ènìyàn fún òun. Inú bí Ànábì lórí mímbárì. Ó bèèrè ìdí tí ọkùnrin náà kò fi jókòó sí ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kí ó wò ó bóyá ẹ̀bùn náà yóò wá bá a níbẹ̀. Kí gbogbo wa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ máa bi ara wa ní ìbéèrè yìí nígbà tí kọngilá bá gbé àpò ìrẹsì wá sílé.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le fún àwa Yorùbá. A tọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún àgbà àti láti máa ṣe àdúà fún olóore. Bí Alhaji tí ó kọ́ ilé kéú bá wí pé àbúrò òun ni kí a gbé iṣẹ́ òrùlé fún, ta ni yóò wí fún un pé rárá? Ojú yóò ti gbogbo wa. Ìtìjú dára, ó wà lára ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí ó bá mú wa fi ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn sílẹ̀ ti kúrò ní ìtìjú, ó ti di ìbẹ̀rù ènìyàn. Àwa ọmọ Ọ̀fà ni a mọ ìjàkadì. Ẹni tí ń jà kọ́ ni ó ń sọ pé ẹ̀yìn òun kò kan ilẹ̀. Àwọn tí ó yí agbo ká ni ó ń sọ ọ́, kì í sì í ṣe àrífín.

Ọ̀nà tí a fi lè pa ọ̀wọ̀ àti àmánà mọ́ pọ̀ ni kí a kọ òfin sílẹ̀ nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà, kí ìjà tó dé. Kí a kọ ọ́ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹbí rẹ̀ yóò dìde kúrò nínú ìjókòó títí a ó fi parí rẹ̀. Kí sáà ní òpin. Kí a máa ka ìṣirò owó sí etí ìgbọ́ jámáà. Nígbà náà, ìwé ni yóò wí pé rárá fún Alhaji, kì í ṣe ọmọdé. Olóore tí ó fẹ́ràn ọrẹ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé náà. Bí a kò bá sì ṣe é fúnra wa, òfin ìjọba ti ọdún 2020 lórí iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti la ọ̀nà sílẹ̀ láti dá àwọn alámòójútó tí ó bá ṣe àìdáa dúró. Ọ̀pọ̀ olórí ẹ̀sìn ni ó tako òfin yẹn. Èsì tí ó dára jù lọ fún un ni ìwé ìṣirò tí ó mọ́.

Àpẹẹrẹ rere kò jìnnà sí wa. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀ Ọ̀fà dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1943, orúkọ ìlú ni ilé ìwé náà sì ń jẹ́. Èkó ni a ti dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kí ayé pé ó dìgbóṣe, síbẹ̀ ẹgbẹ́ wọn gba ìwé àṣẹ Summit University sí Ọ̀fà wa níbí ní ọdún 2015. Ìdí ni pé kò sí ẹni tí ó lè gbé ẹgbẹ́ náà wọ inú sàréè pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ pé kí a dá àmánà padà fún àwọn tí ó ni í, àti pé kí a pe ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń fi dúkìá ọmọ òrukàn lé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ara wa lónìí, kí ọjọ́ ìṣirò ńlá tó dé.

Ìwọ Ọlọ́hun, gba ọrẹ àwọn olóore wa, má sì jẹ́ kí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Fún àwọn tí ń ṣọ́ owó mùsùlùmí ní ìmọ̀ àti ìpáyà Rẹ. Fún wa ní ẹnu tí yóò lè sọ òótọ́ fún àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sì fún àwọn àgbà wa ní ọkàn tí yóò gbà á. Ṣàánú ìlú Ọ̀fà, ìpínlẹ̀ Kwara àti gbogbo Nàìjíríà. Āmín.