Ìràwọ̀ Wo Ni Wọ́n Ń Bá Ọ Wò?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó fi ìràwọ̀ ṣe sánmọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn ní ọ̀nà rere títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú oṣù yìí kò jìnnà sí wa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, títí dé àwọn abúlé ẹnubodè wa. Ọmọkùnrin á rí ọmọbìnrin tí ìwà rẹ̀ wù ú, àwọn òbí á gbọ́, inú wọn á dùn. Kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìtọrọ, ẹnìkan nínú ẹbí á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ìràwọ̀ àwọn méjèèjì. Wọn á kó orúkọ ọmọ àti orúkọ ìyá rẹ̀ lọ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò. Onítọ̀hún á ṣí ìwé, á ya àtẹ, á ṣírò, á wá ní iná ni ìràwọ̀ ọkọ, omi ni ti ìyàwó, wọn kò lè gbé pọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á parí sí. Ẹni méjì tí kò ṣẹ ara wọn á pínyà, wọn ò sì ní mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro ni pé ẹni tí ó ń wò ó kì í ṣe babaláwo. Láwàní wà lórí rẹ̀, Àlùkùránì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá bi í léèrè, yóò dáhùn pé, “Ṣé Súrà Ìràwọ̀ kò sí nínú Àlùkùránì ni? Ṣé Ọlọ́hun kò fi búrúùjì búra ni?” Ọ̀dọ́ á dákẹ́. Inú ọ̀rọ̀ gan-an ni ẹ̀tàn náà ti ń wọlé, nítorí ọ̀rọ̀ kan lè ní ìtumọ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí á tú u wò.

ÌRÀWỌ̀ LẸ́NU ÀWA YORÙBÁ

Èkíní, ìràwọ̀ ni ohun tí ó ń tàn ní sánmọ̀ lóru. Èkejì, a máa ń pe gbajúmọ̀ òṣèré tàbí agbábọ́ọ̀lù ní ìràwọ̀ nítorí òkìkí rẹ̀. Àpọ́nlé lásán ni ìyẹn. Ẹ̀kẹta, a fi ń pe ire tí a rò pé ó wà lára ènìyàn. A ó ní ìràwọ̀ lágbájá ga, ìràwọ̀ tàmẹ̀dò ti ṣókùnkùn. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé wọ́n ti jí ìràwọ̀ ọmọ àwọn lọ.

Kò sí aburú nínú èkíní, èkejì kò sì ju àfiwé lọ. Ẹ̀kẹta ni kí á ṣọ́ra fún, nítorí ohun tí Mùsùlùmí ń pè ní kádàrá ni wọ́n fẹ́ gbé lé ìràwọ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ Ọlọ́hun nìkan ni kádàrá wà, kò sí olè tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Àwọn àgbà wa ti rí irú àṣìṣe yìí tipẹ́. Wọ́n ní àguàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àguàlà kì í ṣe ajá oṣù. Òdodo sì ni. Àguàlà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus, ń tọ ọ̀nà tirẹ̀ yí oòrùn ká. Ojú wa ni ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù. Bí àguàlà kò bá sí lábẹ́ oṣù tí a rí i pé wọ́n jọ ń rìn, báwo ni ọmọ tí a bí ní Ọjà-Ọ̀dàn ṣe máa wà lábẹ́ àṣẹ ìràwọ̀ tí kò mọ̀ pé wọ́n bí i?

NAJMU ÀTI BÚRÚÙJÌ NÍNÚ ÀLÙKÙRÁNÌ

Nínú èdè Lárúbáwá náà, ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀ka. Najmu ni ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí Súrà Ar-Rahman ti sọ̀rọ̀ najmu àti igi tí wọ́n ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun (55:6), àwọn onítúmọ̀ kan ní ìràwọ̀ sánmọ̀ ni, àwọn mìíràn ní ewéko tí kò ní ìtì ni, irú èyí tí ń tàn lórí ilẹ̀. Àwọn Lárúbáwá tún ń pe owó tí a ń san díẹ̀díẹ̀ ní najmu, nítorí yíyọ ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń dá ìgbà gbèsè. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé ní nujuumu ni Àlùkùránì sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn ni pé díẹ̀díẹ̀ ni, láàárín ọdún 23.

Bẹ́ẹ̀ náà ni búrúùjì. Nínú Súrà 85, ibùdó àwọn ìràwọ̀ lójú sánmọ̀ ni. Nínú Súrà An-Nisai (4:78), ilé gíga tí a mọ odi rẹ̀ le koko ni, Ọlọ́hun sì sọ pé ikú yóò bá ọmọ ènìyàn níbẹ̀. Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò ní rí ibi tí búrúùjì kankan ti ń yan ìyàwó fún ọkọ.

Kí ni Ọlọ́hun wá sọ pé ìràwọ̀ wà fún? Ó fi wọ́n ṣe sánmọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, Ó fi wọ́n ṣe òkò fún àwọn Sàìtánì (67:5), Ó sì fi wọ́n ṣe amọ̀nà fún wa nínú òkùnkùn ilẹ̀ àti òkun (6:97). Katáádà, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Sàhábà, kó wọn jọ sí mẹ́ta yìí, ó sì ní ẹni tí ó bá fún ìràwọ̀ ní ìtumọ̀ mìíràn ti ṣìnà. Ànábì Ibrahim náà wo ìràwọ̀, ó wo òṣùpá, ó wo oòrùn. Nígbà tí wọ́n wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ̀ wọ́n sílẹ̀, ó dojú kọ Ẹni tí ó dá wọn (6:76-79). Ohun tí ó ń wọ̀ kò lè jẹ́ olúwa ẹni.

ÀTẸ MÉJÌ

Àtẹ náà ní ìtumọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Ayétòrò, orí àtẹ ni ó pa ọjà rẹ̀ sí. Ìwé àkókò ìrun tí a lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́sáláṣí, àtẹ ni. Èyí tí awòràwọ̀ yà sínú ìwé, àtẹ ni òun náà ń pè é. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àtẹ ìrun tọ ipasẹ̀ oòrùn. Bí ó bá purọ́, gbé igi nàró sí àgbàlá, òjìji rẹ̀ yóò tú u fó. Ta ni ó lè gbé igi nàró yẹ àtẹ awòràwọ̀ wò?

Ọlọ́hun fi ìbùsọ̀ òṣùpá sílẹ̀ kí á lè mọ iye ọdún àti ìṣirò (10:5). Ìṣirò yìí ni àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí gbájú mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 964, Abdur-Rahman as-Sufi kọ ìwé lórí àwọn ìràwọ̀ àti ipò wọn. Títí di òní, orúkọ Lárúbáwá ni àwọn òyìnbó fi ń pe ọ̀pọ̀ ìràwọ̀: Aldebaran, Rigel, Altair. Ibn Khaldun, tí ó kọ ìwé ńlá rẹ̀ ní ọdún 1377, tako àwọn tí ń fi ìràwọ̀ sọ àsọtẹ́lẹ̀ nínú ìwé náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìmọ̀ ni a ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé ìṣirò tiwọn sórí ìwọ̀n. Wọ́n ní lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ní iye. Wọn á ro iye orúkọ pọ̀, wọn á fi 12 pín in, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ ẹni. Ẹ mú orúkọ Faatimah. Faa jẹ́ 80, alifu jẹ́ 1, taa jẹ́ 9, miimu jẹ́ 40. Ó wá ku lẹ́tà ìkẹyìn. Àwọn kan ń kà á sí haa, tí í ṣe 5. Àwọn mìíràn ń kà á sí taa kejì, tí í ṣe 400. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 135, ó sì ṣẹ́ ku 3. Ti èkejì jẹ́ 530, ó sì ṣẹ́ ku 2. Ẹ̀kẹta nínú búrúùjì ni àwọn ìbejì, èkejì ni akọ màlúù. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, orúkọ kan ṣoṣo, ìràwọ̀ méjì! Bí ẹ bá ro orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́ méjèèjì, ìyàtọ̀ náà kò ní kúrò níbẹ̀. A kò tíì dé orí Gbénga àti Ẹniọlá, tí kò sí lẹ́tà Lárúbáwá tí ó bá “gb” àti “ẹ” wọn mu.

Ní ọdún 1995 ni ilẹ̀ wa kúrò ní Ẹ̀gbádò tí ó di Yewa. Bí iye lẹ́tà bá ń darí ayé, ó yẹ kí ayé wa ti yí padà lọ́jọ́ náà. Odò Yewa kò yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó gbin kókó kórè kókó, ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ hú ẹ̀gẹ́.

Yanrìn títẹ̀ náà kò yàtọ̀. Àmì 16 ni wọ́n ń tẹ̀ sínú yanrìn, gẹ́gẹ́ bí ojú odù ṣe jẹ́ 16 lọ́dọ̀ babaláwo. Fìlà ni wọ́n pààrọ̀, orí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yí padà.

OHUN TÍ ÀNÁBÌ FI KỌ́ WA

Ní Hudaybiyah, òjò rọ̀ lóru. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ kí àwọn Sàhábà mọ ohun tí Ọlọ́hun sọ: ẹni tí ó ní àánú Ọlọ́hun ni ó rọ òjò gba Ọlọ́hun gbọ́, ẹni tí ó ní ìràwọ̀ báyìí-báyìí ni ó rọ̀ ọ́, ìràwọ̀ ni ó gbà gbọ́. Àwa tí àgbẹ̀ pọ̀ láàárín wa, ẹ jẹ́ kí á ro èyí dáadáa.

Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ Ibrahim kú ní Madina, oòrùn wọ òkùnkùn. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Ànábì kọ̀. Ó ní àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í tìtorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni ṣókùnkùn. Ẹ wò ó! Iyì ilé tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá jẹ́, omijé sì wà lójú rẹ̀. Síbẹ̀ kò gba irọ́ láyè. Nígbà tí òṣùpá ṣókùnkùn ní oṣù January ọdún 2001, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn kan ni ó fà á, wọ́n sì ń dáná sun ilé ọtí àti hòtẹ́ẹ̀lì. Ní 29 March 2006, òṣùpá bo oòrùn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó bò ó pátápátá ní Accra. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún púpọ̀ ṣáájú. Ìṣirò tòótọ́ nìyẹn, kò sì bèèrè orúkọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Ànábì tún kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá lọ bá awoniwòye, tí ó bi í léèrè nǹkan, a kò ní gba ìrun rẹ̀ fún ogójì òru. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ogójì òru kì í ṣe ohun tí à ń fi tàfàlà.

KÍ NI KÍ Á WÁ ṢE?

Èkíní, bí ìgbéyàwó bá délẹ̀, ẹ bèèrè ẹ̀sìn àti ìwà. Ẹ bèèrè bí ó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń ná owó, bí ó ṣe ń kírun nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó.

Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí kò bára mu, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Èyí kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ó dun àwa tí a ti rí i kí àwọn tí ìràwọ̀ wọn “bára mu” máa gbé ọmọ lọ gbé ọmọ bọ̀ ní ọsibítù, nítorí kò sí ẹni tí ó rán wọn létí àyẹ̀wò yìí.

Ẹ̀kẹta, ẹ kí Ìsítíkáárà. Ànábì kọ́ àwọn Sàhábà rẹ̀ ní àdúà náà bí ó ṣe ń kọ́ wọn ní Súrà inú Àlùkùránì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà olóòótọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe bá àwọn òbí jà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ pé, “Bàbá wa, ìyá wa, ire wa ni ẹ ń wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á bi Ọlọ́hun tí ó dá ìràwọ̀, kí á má bi ìràwọ̀ mọ́.” Ọ̀rọ̀ tútù máa ń yọ obì lápò.

Àwọn kan tí ń ka ìwé yìí ti ṣègbéyàwó, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n nítorí ohun tí ẹnìkan sọ nípa ìràwọ̀ wọn. Bí aáwọ̀ kékeré bá ṣẹlẹ̀, wọn á ní, “Wọ́n kúkú ti sọ ọ́.” Ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé yín kò sí lọ́wọ́ ìràwọ̀ kankan. Sùúrù, òtítọ́ àti àdúà ni a fi ń gbé e ró. Ìpayà tí wọ́n gbìn sí yín lọ́kàn ni ó lè da ilé rú, ẹ fà á tu.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ bá ọ wo ìràwọ̀, bi í léèrè pé: ìràwọ̀ wo? Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó wà lókè, jọ bá a jáde lóru, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì yin Ẹni tí ó dá a. Bí ó bá jẹ́ kádàrá rẹ ni, sọ fún un pé ó ní Olówó.

Ọlọ́hun, má ṣe fi ọkàn wa ti ẹ̀dá. Àwọn tí wọ́n ti tìtorí irọ́ yìí pínyà, fi èyí tí ó dára jù rọ́pò fún wọn. Yan ọkọ rere àti aya rere fún àwọn ọ̀dọ́ wa, kí O sì pa wá mọ́ lórí ìmáánì títí ọjọ́ ikú. Àmín.

Wassalaamu alaykum wa rahmatullahi wa barakaatuh.