Ẹ̀rọ Olówó Pọ́ọ́kú fún Ọmọ Ilé-Ìwé: Ẹ̀bùn Ni Tàbí Ẹ̀tọ́?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, àti àwọn tí ń múra ìdánwò sílẹ̀, jọ fi ọgbọ́n inú yẹ̀ wò. Bí ìjọba tàbí ẹlẹ́yinjú àánú kan bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé ọmọ tálákà lọ́wọ́, ṣé oore ni ó ṣe é ni, àbí gbèsè ni ó san? Ìdáhùn tí a bá fún ìbéèrè yìí ni yóò sọ ohun tí ó tọ́ kí á retí lọ́wọ́ ẹni tí ó fún ni, àti lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 2005 ni ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Nicholas Negroponte, kéde pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun yóò ṣe kọ̀ǹpútà kan tí owó rẹ̀ kò ní ju dọ́là 100 lọ fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà. Ìjọba Nàìjíríà, nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí oko rẹ̀ wà ní Ọ̀tà níbí, jẹ́ ààrẹ, ṣèlérí pé òun yóò ra mílíọ̀nù kan. Ní 2007, a kó nǹkan bí 300 lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, ní Àbújá, láti fi dán an wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ náà yóò fi jáde, owó rẹ̀ ti sún mọ́ dọ́là 190, ìjọba mìíràn sì ti gorí àléfà. Mílíọ̀nù kan náà kò dé mọ́.

Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà bèèrè pé kí ni àǹfààní kọ̀ǹpútà fún ọmọ tí kò ní àga tí yóò jókòó lé, tí kò sì ní aṣọ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí, nítorí pé ìpìlẹ̀ ni à ń fi lélẹ̀ kí á tó kan òrùlé. Síbẹ̀, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé kò kún tó. Bí ó bá jẹ́ pé dandan ni kí á dúró di ìgbà tí gbogbo nǹkan bá pé, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 kì bá tí bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé kò tó, àga kò tó, olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kò tó. Àwọn ọmọ wọlé bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì di ènìyàn ńlá.

Kí ni ó wá mú ti 1955 yàtọ̀? Ìjọba ìgbà náà kò wí pé òun ń ta àwọn ọmọ lọ́rẹ. Ó gbà pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Nítorí náà ni ó fi gba owó-orí, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ kún èyí tí ó wà, tí ó sì ń náwó sí ètò náà lọ́dọọdún. Ẹni tí ó ta ni lọ́rẹ lè kọ ẹ̀yìn sí ni ní ọjọ́ kejì, kí á sì tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iye owó ohun tí a fún ni ni ẹ̀bùn àti ẹ̀tọ́ fi yàtọ̀. Ẹni tí yóò dúró tì í lẹ́yìn náà ni. Olówó pọ́ọ́kú ni síléètì tí àwọn bàbá wa fi kọ́ ìwé, kò sì sí ẹni tí ó rí i bí àbùkù.

Ẹnìkan lè wí pé ẹ̀kọ́ ni ẹ̀tọ́ ọmọ, pé ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwa fúnra wa ti ṣe. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti sọ ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Nígbà tí a sì ti ilé-ìwé pa ní 2020 nítorí àrùn Kòrónà, orí tẹlifíṣàn, rédíò àti fóònù ni a gbé ẹ̀kọ́ gbà. Ọmọ tí ilé rẹ̀ kò ní ọ̀kankan nínú wọn jókòó sílẹ̀, ó ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àwùjọ bá ti fi ẹ̀rọ ṣe ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú mọ́. Kò sí ìdájọ́ òdodo nínú kí á dán ọmọ wò lórí ohun tí a kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kàn rí.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ nígbà náà, báwo ni a ṣe ń san án? Ọ̀tà lè kọ́ wa. Láti Ṣàngó-Ọ̀tà lọ sí ọ̀nà Ìdìrókò, ilé-iṣẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì: àwọn tí ń yọ́ irin, àwọn tí ń ṣe ike, àwọn tí ń ṣe oògùn àti oúnjẹ. Kò sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tí yóò ra ẹ̀rọ kí ó má ṣírò ẹni tí yóò máa lò ó, mẹkáníìkì tí yóò máa tún un ṣe, páàtì tí yóò fi rọ́pò èyí tí ó bá bàjẹ́, àti jẹnẹrétọ̀ tí yóò gbé e nígbà tí iná bá lọ. Bí ó bá gbàgbé ọ̀kan, àdánù ni yóò jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọmọ òṣìṣẹ́ tí ń lo ẹ̀rọ yẹn, a ó pín kọ̀ǹpútà, a ó ya fọ́tò, a ó pàtẹ́wọ́, ó tán. Ṣé ike ni ó wá níye lórí ju ọmọ lọ ni? Ibí yìí ni ìwà wa ti ń dá wa lẹ́bi.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti jẹ́rìí sí i. Peru pín kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 800,000, ṣùgbọ́n ìwádìí tí a gbé jáde ní 2012 lórí ilé-ẹ̀kọ́ 319 ní ìgbèríko ibẹ̀ kò rí i pé ìṣirò àti èdè àwọn ọmọ ti ipa rẹ̀ sunwọ̀n sí i. Ní Uruguay, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni ó ti ní tirẹ̀ ní 2009. Ẹ̀rọ kò sọ àwọn náà di ọ̀mọ̀wé ní ọ̀sán kan òru kan. Ṣùgbọ́n ètò wọn kò kú, nítorí pé wọ́n ṣètò àtúnṣe, wọ́n fa íntánẹ́ẹ̀tì dé ilé-ìwé, wọ́n sì ń kọ́ olùkọ́.

Nílé níbí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013 fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Orúkọ náà jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ọpọ́n kì í dá Ifá. Babaláwo tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́ ni í fi ọpọ́n dá Ifá. Bí a bá gbé ọpọ́n lé ọ̀gbẹ̀rì lọ́wọ́, igi gbígbẹ́ lásán ni yóò máa wò. Olùkọ́ ni babaláwo ọpọ́n tuntun yìí. Ẹni tí ó ra ọpọ́n, tí kò bìkítà fún babaláwo, kò tí ì san ìdajì gbèsè rẹ̀.

Èdè tún kù. Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí kò lè kọ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn wọn kò tí ì bá ọmọ wa sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Nígbà tí a bá tún gbé ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa, kí á má ṣe lé e padà, kí á má sì sáré dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á bèèrè ẹni tí yóò tún un ṣe, ẹni tí yóò kọ́ olùkọ́, àti èdè tí yóò fọ̀. Ẹni tí ó ń tọrọ kì í bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀; ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni í bèèrè rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá sì bèèrè rẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ kò ṣe aláìmoore.