Bàbá Tí Wọ́n Fẹ́ Pa Sórí Ìwé

Ní ọdún 2024, àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti Íńdíà wá tú ní Lehigh University, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania l'Amẹ́ríkà. Ayédèrú ìwé ló fi wọlé, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ni iléèwé náà fún un. Nínú gbogbo irọ́ tó pa, èyí tó burú jù ni pé ó ní bàbá òun ti kú, ó sì wá ìwé ẹ̀rí ikú tì í lẹ́yìn. Bàbá náà wà láàyè, ó ń jẹ, ó ń mu, ní Íńdíà lọ́hùn-ún. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló lọ ń rojọ́ ara rẹ̀ lórí Reddit láìdárúkọ, pé orí irọ́ ni òun kọ́ ayé òun lé. Ẹnì kan tó ń bójú tó ojú-ewé náà kà á, ó tọpa rẹ̀, ó sì ta iléèwé lólobó. Wọ́n mú un, ó gbà pé òun jẹ̀bi, iléèwé lé e, ó sì padà sílé.

Owó ni ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ìròyìn náà ń sọ. Èmi ò tíì ráyè ti owó, ti bàbá ni mò ń rò. A kì í fi ikú òbí ṣeré nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú ní tòótọ́ pàápàá kì í là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò ní bàbá ti papòdà, yóò ní bàbá ti re ibi àgbà ń rè. Ọmọ tó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bí òun ti kú, nígbà tí onítọ̀hún ń mí, ohun tó ṣe ju irọ́ lọ.

N kì bá tí mú ọ̀rọ̀ ọmọ Íńdíà wá sí Ìsọlọ̀ l'Ékòó, bí kò bá jẹ́ pé mo ti fi etí ara mi gbọ́ irú àbá bẹ́ẹ̀ níbí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, nítòsí ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ti ń bá ọmọ iléèwé kún fọ́ọ̀mù JAMB. Ájẹ́ńtì tó ń báni wá iléèwé l'Amẹ́ríkà jókòó ti kọ̀ǹpútà, ìyá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ jókòó tì í. Wọ́n ti kọ orúkọ, wọ́n ti kọ ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì, ó wá kan ibi tí wọ́n ti ń béèrè nípa òbí. Ájẹ́ńtì yíjú sí ìyá. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé Dádì ti kú. Àwọn òyìnbó máa ń ṣàánú ọmọ tí ò ní bàbá. Ṣebí orí ìwé lásán ni." Ìyá ò fọhùn, ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò. Ọmọ yẹn ló dáhùn, ó rọra wí i, kò gbójú sókè: "Ẹ má bínú, sà. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́. Aago mẹ́fà ni wọ́n máa jáde." Ájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà ò tíì ṣe tán àtilọ.

A máa ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò níwà. Lọ́jọ́ yẹn, èyí tó kéré jù nínú àwọn mẹ́ta tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ló hùwà ọmọlúàbí. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé nínú ọ̀rọ̀ àtilọ kàwé l'Amẹ́ríkà yìí, àgbà ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n.

Ẹni tó bá mọ ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀, tó máa ń gba etí títì Ọ̀ṣọ́dì sí Àpápá kọjá Rutam House, ilé ìwé ìròyìn The Guardian, yóò mọ̀ pé ọmọ àdúgbò yẹn kò nílò ìtàn àròsọ kankan. Aṣọ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aswani ń hun aṣọ, Afprint ń tẹ ankara. Nígbà tí iná mànàmáná di àwátì, tí díísù wọ́n, tí aṣọ fàyàwọ́ sì kún ọjà, àwọn ẹ̀rọ dákẹ́. Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ Aswani, ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, ilẹ̀ Afprint náà sì ti di ibi tí wọ́n ti ń tajà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti wà nídìí ẹ̀rọ aṣọ rí, tó wá ń ṣiṣẹ́ òru báyìí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike, tí ìyá rẹ̀ ń pàtẹ òkìrìkà ní Aswani, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé, kí ló tún ń wá lọ sílé ájẹ́ńtì?

Common App ni fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ iléèwé gíga Amẹ́ríkà ń lò. Láti 1975 ló ti wà. Àyè mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀ fún ohun tí ọmọ ń ṣe yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ kíláàsì. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọmọ wa ń kọ síbẹ̀: olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ aláàánú yìí, ààrẹ ẹgbẹ́ tọ̀hún. Tí ẹ bá tú u wò, tíṣọ́ọ̀tì tí wọ́n tẹ orúkọ sí àti fọ́tò ọjọ́ kan ṣoṣo nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni gbogbo ẹgbẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀, fọ́ọ̀mù yẹn fúnra rẹ̀ ka iṣẹ́ ilé mọ́ ohun tí ọmọ lè kọ, ó sì ka iṣẹ́ tí ọmọ ń gbowó lé lórí mọ́ ọn. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àbúrò títí ìyá fi ti ọjà dé, tó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sínú ìwé, tó mọ ẹni tí wọ́n lè tà láwìn fún àti ẹni tí wọn ò gbọdọ̀ dán an wò pẹ̀lú rẹ̀, ó ní ohun tí yóò kọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ ni. Àwa àgbà la ti jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára pé ìgbésí ayé ilé wọn kò tó ohun tí à ń gbé síwájú òyìnbó. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mo gbà pé ìṣòro gidi kan wà níbẹ̀. Àròkọ Common App kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ, ara rẹ̀ sì ni ọmọ yóò sọ nínú rẹ̀. Àwa náà la kọ́ ọmọ pé ẹni tó bá ń yin ara rẹ̀ kò gbẹ̀kọ́, pé ẹlòmíràn ló ń ki èèyàn. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé á wá há sáàárín. Yálà kó kọ ohun tí kò ní iyọ̀, tàbí kó gbé gbogbo rẹ̀ fún ájẹ́ńtì pé kó bá òun fi àdídùn sí i. Lójú tèmi, inú ẹ̀kọ́ ilé yẹn náà ni ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹni tí àwọn àgbà pè láti wá jẹ́rìí kò gbéra ga tó bá ní mo wà níbẹ̀, ohun tí mo rí nìyí, ohun tí mo fọwọ́ mi ṣe nìyí. Ìyìn tó kù, olùkọ́ ló ni ín. Torí ẹ̀ ni àwọn iléèwé Amẹ́ríkà fi ń béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ olùkọ́ lọ́tọ̀. Ètò náà bá tiwa mu ju bí a ṣe rò lọ.

Ibi lẹ́tà yìí gan-an ni àgbà ti ń já ọmọ kulẹ̀ jù. "Lọ kọ ọ́ wá, màá buwọ́ lù ú." Ọmọ á jókòó, á máa fi ohùn tíṣà yin ara rẹ̀, pé òun gbọ́n, pé òun mọ̀wé, pé nínú gbogbo ọdún tí òun ti ń kọ́ni, òun ò rí irú ọmọ yìí rí. Níbòmíràn, ájẹ́ńtì á ṣí ímeèlì lórúkọ tíṣà tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Onílé-ìwé á ní kí wọ́n fi A kún èsì kíláàsì láti SS1 dé SS3, èsì WAEC á wá dé, C6 á kún inú rẹ̀. N ò sọ pé nǹkan rọrùn fún olùkọ́. Kíláàsì kún, owó oṣù kò tó nǹkan, dátà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tó ní kí ẹni tí òun ń jẹ́rìí fún wá fi ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu, kò jẹ́rìí kankan.

Ti owó kò ní pẹ́, torí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Kí iléèwé tó fún ọmọ ní ìwé I-20 tí yóò fi wá físà, wọ́n á fẹ́ rí owó tí yóò tó ọdún kan, ó kéré tán. Àwọn kan wà tó ń yáni lówó nítorí èyí: owó á wọ àkáǹtì bàbá, báǹkì á tẹ sítétímẹ́ǹtì, owó á jáde, bàbá á san èlé. Ọmọ á dé ọ̀hún, owó iléèwé á dé, a ò ní rí ẹni tí yóò san án. Òfin wọn sì le: ẹni tí wọ́n bá ká èrú mọ́ lọ́wọ́ nídìí físà lè má tún fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà mọ́ láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst wà lára àwọn díẹ̀ tí kì í wo àpò òbí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó gbà á, tí wọ́n sì ń fi owó tiwọn dí ohun tó bá kù. Wọ́n ṣòro wọ̀, n ò ní tan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù kékeré tí bàbá ń gbà níbi ike kì í ṣe àbùkù lọ́dọ̀ wọn. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni wọ́n fẹ́ ká kọ ọ́.

Wọ́n á ní ìlú le. Wọ́n á ní àwọn olówó Amẹ́ríkà pàápàá ń ṣe èrú láti wọ iléèwé. Òótọ́ ni. Ní 2019, ìjọba wọn gbá àwọn òbí olówó mú nídìí rẹ̀. Òṣèré Felicity Huffman san $15,000 kí wọ́n lè bá ọmọ rẹ̀ tún ìdáhùn ìdánwò SAT ṣe, ẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n dá fún un. Ṣùgbọ́n ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwà olówó Amẹ́ríkà wọn ọmọ wa? Ẹni tí irọ́ yìí ń pa lára kò sí ní Harvard. Ó ṣeé ṣe kó wà ní Èjìgbò tàbí ní Mushin, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú lóòótọ́, tí ìyá rẹ̀ ń dá tọ́ ọ. Owó ìrànwọ́ tó wà fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kò pọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gbé e fún ọmọ tó pa bàbá rẹ̀ sórí ìwé, ọmọ òrukàn gidi kan ló lọ lọ́wọ́ òfo. Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Iléèwé girama tí wọ́n bá ti ká ayédèrú èsì mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n á máa fura sí.

Onímọ̀ ẹ̀kọ́ Aliu Babatunde Fafunwa, tí wọ́n bí ní 1923, ti rin ọ̀nà àtilọ kàwé l'Amẹ́ríkà yìí ṣáájú àwọn ọmọ wa. Ó lọ sí Bethune-Cookman ní Florida, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní New York University ní 1955. Nínú ìwé tó kọ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tó jáde ní 1974, ó to ohun méje tí ẹ̀kọ́ àwọn baba ńlá wa dúró lé. Ìwà ló gbé sí ipò kejì, ó fi ọ̀wọ̀ fún àgbà sí ipò kẹta. Nínú ṣọ́ọ̀bù ọjọ́sí, ìkejì àti ìkẹta ló forí gbárí níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Àgbà ní kó kọ irọ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó ní "ẹ má bínú, sà", ó fi ọ̀wọ̀ fún àgbà; ó ní bàbá òun wà níbi iṣẹ́, ó fi mú ìwà dání. Mo yin ọmọ náà tọkàntọkàn. Síbẹ̀ ẹrù yẹn ju orí rẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá kọ̀ fún ájẹ́ńtì tí ìyá ti sanwó fún lè pàdánù ọdún kan, ó sì lè gbọ́ èébú nílé. Kò tọ́ ká fi í síbẹ̀.

Láti ọjọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2026, ìjọba Amẹ́ríkà ti dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, àwọn díẹ̀ ni òfin yọ sílẹ̀. Ọ̀nà tó ti há tẹ́lẹ̀ tún há sí i, àwọn tó ń ta ọ̀nà ẹ̀bùrú yóò sì máa ké sí òbí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní tèmi, àsìkò tí ọmọ fi ń dúró yìí ló yẹ kí àwọn àgbà lò. Kí iléèwé kọ̀ọ̀kan ní Ìsọlọ̀ yan tíṣà kan tí yóò máa kọ lẹ́tà àwọn ọmọ, kí wọ́n fún un ní dátà, kí wọ́n sì gba iṣẹ́ mìíràn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí ohun kan bá rú u lójú nínú fọ́ọ̀mù, EducationUSA wà ní kọ́ńsúléètì Amẹ́ríkà ní Victoria Island, iṣẹ́ wọn ni láti ṣàlàyé rẹ̀. Kí tíṣà náà pe ọmọ jókòó, kó bi í ní ohun tó ń ṣe tó bá kúrò níléèwé, kó bi í ní ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí Aswani bá ná, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó bá gbọ́.