Ayàwòrán àti Òǹwòran

Ìwọ ọmọ mi tí o ń ka ìwé yìí, bóyá o ti ń rò ó nínú ọkàn rẹ ohun tí ìwọ yóò lọ kọ́ ní yunifásítì nígbà tí o bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni o mú, tàbí ìmọ̀ òfin, gbogbo ẹbí ni yóò bá ọ yọ̀. Ìyá rẹ yóò ti máa pè ọ́ ní dókítà tàbí lọ́yà kí o tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí o bá wí pé iṣẹ́ ọnà ni o fẹ́ lọ kọ́, tàbí ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa bí a ti í fi ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀, ilé yóò pa rọ́rọ́. Ẹnì kan yóò bèèrè pé, ‘Ṣé àwòrán ni a ó máa jẹ?’ Ẹlòmíràn yóò ní ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí a ó fi máa sanwó kí wọn ó tó kọ́ ni.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Mo ti rí ayàwòrán tí ebi ń pa, mo sì ti rí lọ́yà tí ebi ń pa. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, kò rí olùkọ́ ní ilẹ̀ yìí tí yóò kọ́ ọ bí a ti í ya ènìyàn kí ó jọ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú ti rí i. Ó kọ́ ara rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń fi owó pamọ́, títí ó fi wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, ó kó ìmọ̀ rẹ̀ tọ àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ ní Èkó. Lónìí, ènìyàn lè kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Ifẹ̀, ní Zaria àti ní Nsukka, ó sì lè kọ́ ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Ọ̀nà ti là. Ẹrù tí ẹni tí ó bá gba ọ̀nà náà ń gbé sí orí ara rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi iṣẹ́ ọnà àti ìbánisọ̀rọ̀ sí, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Àwọn baba wa kò pín wọn níyà bẹ́ẹ̀. Ìwọ wo àrokò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tí ó fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, ọmọbìnrin náà yóò gbọ́ ‘fà’ nínú ẹ̀fà, yóò sì mọ̀ pé ọkàn onítọ̀hún fà mọ́ òun. Bí ó bá dá ẹyọ mẹ́jọ padà, ‘jọ’ ni ó fi dáhùn: èrò wọn jọ. Ìwọ tún wo ààlè. Àgbẹ̀ tí ó kó igi ìdáná jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà yóò so àkísà, àjákù bàtà àti ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kò kọ ìwé, kò yan olùṣọ́, síbẹ̀ ẹni tí ó fẹ́ jalè yóò kà á, ẹ̀rù yóò sì bà á. Àwòrán ni, ọ̀rọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn kan bá lọ so ààlè mọ́ igi tí ẹlòmíràn ṣẹ́, ǹjẹ́ kò ti purọ́? Kò la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ kò mì, síbẹ̀ irọ́ ni ó pa, àkísà àti àjákù bàtà ni ó sì fi pa á.

Èmi fúnra mi ti pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Ní ọdún 1998 ni. Ìjì ti ṣí páànù mẹ́ta kúrò ní òrùlé wa ní apá òsì, òjò sì ń wọ yàrá kan. Ògiri yàrá méjì ń fẹ́ rírẹ́, àjà kò sí níbikíbi. A fi ìwé pe àwọn ọmọ ìlú nílé àti lóko sí ayẹyẹ ìkówójọ. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹfà nígbà náà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ àwòrán púpọ̀; mo ti nà án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí pé ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ìjọba ya ewúrẹ́ sí ara ògiri. Mo ra páálí funfun ńlá àti ọ̀dà fún un, mo ní kí ó ya ilé-ìwé wa, kí a lè gbé e kọ́ sí iwájú gbọ̀ngàn ìlú. Ó yà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó gbé e wá, ẹnu yà mí, nítorí pé ilé-ìwé wa ni lóòótọ́: igi máńgòrò, agogo tí a so mọ́ ọn, páànù mẹ́ta tí kò sí níbẹ̀.

Mo wò ó títí, mo ní, ‘Èyí kò ní mú ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpò. Ra páálí mìíràn. Wó òrùlé náà lulẹ̀. Ya àwọn ọmọ tí wọ́n ń sá jáde.’

Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní, ‘Ẹ jọ̀wọ́, sà, kò wó.’

Mo ní, ‘Yóò wó bí a kò bá rí owó.’ Ẹgba wà lórí tábìlì. Ó lọ, ó sì wó o.

Owó tí a rí ní ọjọ́ náà ju èyí tí a fọkàn sí lọ. Láàrin àwọn tí ó dáwó ni ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta ẹ̀kọ, tí ń gbé ní òdìkejì ìlú, tí kò sì ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kankan ní ilé-ìwé wa. Ó dúró níwájú àwòrán náà, ó sunkún, ó sì tú owó àjọ rẹ̀ láti ìdí aṣọ. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, mo rí i ní ojúde ilé-ìwé pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ rẹ̀ lórí. Ó ń wo òrùlé láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó ń wá ibi tí ó wó. Lẹ́yìn náà ó rí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀, ó ní, ‘Ẹ ti tètè tún un ṣe, ọ̀gá. Olúwa ṣeun.’

Èmi sì dáhùn pé, ‘Àmín.’

Ìwọ lè wí pé kí ni mo ń da ara mi láàmú sí. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù nínú owó náà. A ra páànù, a rẹ́ ògiri, a fi àjà sí yàrá mẹ́fà, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí ní ọdún náà sì ti jókòó lábẹ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyí. Mo tún ń wí pé, ‘Ayàwòrán wo ni kì í bù mọ́ ọ̀rọ̀? Ṣé ojú lásán ni a fi ń ṣe ọnà ni?’

Ọ̀rọ̀ kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì yẹ kí a tú u wò dáadáa. Lóòótọ́ ni pé oníṣẹ́ ọnà kì í ṣe dígí. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ńlá tí ó gbé ní Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. A gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, àwọn òyìnbó sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìtẹ́ fún Ògògà ní pàṣípààrọ̀, tí ilẹ̀kùn náà fi wà ní British Museum di òní. Ọba jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú adé rẹ̀, a sì rí òyìnbó aláṣẹ tí àwọn aláàárù gbé wá kí i. Bí ìwọ bá wọn ère Yorùbá, ìwọ yóò rí i pé orí rẹ̀ a máa tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí ènìyàn tòótọ́ kò ju bí ìdá kan nínú méje lọ. Ǹjẹ́ agbẹ́gilére purọ́? Rárá o. Ẹni tí ó gbẹ́ ère mọ̀ pé orí ni olórí ara, ẹni tí ń wò ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí yóò kúrò níwájú ère kí ó lọ wí fún aya rẹ̀ pé òun rí ọkùnrin olórí ńlá kan ní Ìkẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni eégún alárìnjó tí ó gbé ojú òyìnbó wọ̀, tí imú rẹ̀ gùn bí ṣíbí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí a wá wò. Àdéhùn kan wà láàrin oníṣẹ́ ọnà àti òǹwòran, bí a kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́, inú àdéhùn yẹn ni ọnà ti ń ṣeré bí ó ti wù ú.

Ìyá ẹlẹ́kọ kò sí nínú àdéhùn kankan pẹ̀lú mi. Ó gbà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni mo fi hàn án. Bí mo bá fi páànù mẹ́ta hàn án, bóyá ìbá dá owó díẹ̀, bóyá kò ní dá rárá. Ìpinnu tirẹ̀ ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe ìpinnu náà fún un kí ó tó jáde nílé, mo sì jẹ́ kí ó rò pé ọkàn òun ni ó rán òun. Owó tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, a lè fi ìwé ìṣirò hàn pé a ná an síbi tí ó dára. Ojú rẹ̀ tí mo gbà, kò sí ìwé ìṣirò tí ó lè dá a padà.

Ní ọdún 2006, ọmọ tí ó ya àwòrán náà wá kí mi. Ó ti di géńdé. Ó ní òun ti rí ààyè ní yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ọnà, òun yóò sì fi díẹ̀ nínú ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ kún un, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ń polówó ọjà ni òun fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Mo bá a yọ̀. A jẹun tán, ó ń yí ife omi lọ́wọ́, ó ní, ‘Sà, bí wọ́n bá ní kí n wó òrùlé níbẹ̀ ńkọ́?’

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi òwe dá a lóhùn. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe náà kọ̀ kò jáde lẹ́nu mi, nítorí pé èmi ni mo rán an ní iṣẹ́ ẹrú nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, mo sì gbé ẹgba sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ náà kí ó má baà rí ọ̀nà jẹ́ ẹ bí ọmọ. A wá jọ ń wò ó bí ẹni méjì. Mo ní kò sí ohun tí ó burú nínú kí ó ya ọṣẹ kí ó dára ju bí ó ti rí lọ. Ẹni tí ó rà á yóò fi wẹ̀ ní alẹ́, yóò sì mọ̀. Ó ní oògùn tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àrùn ńkọ́, èyí tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò? Mo ní ẹni tí ó mu ún kò lè dán an wò bí ọṣẹ. Nígbà mìíràn, kí ó tó mọ̀, àrùn rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe. Ó ní, ‘Bí mo bá kọ̀ ọ́, wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn, òun ni yóò sì gba owó.’ Mo ní òótọ́ ni. N kò rí ohun mìíràn sọ sí i, n kò sì tíì rí i títí di òní. Ẹni tí kò bá lè pàdánù owó nígbà mìíràn, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn fún ẹni tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì láti sọ.

Nǹkan tí ó fi ọjọ́ mẹ́ta yà ní ìgbà náà, ẹ̀rọ lè yà á lónìí kí o tó mu omi tán. Ó lè fi aṣáájú ìlú síbi tí kò dé rí, kí ó sì mú ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí kò sọ. Nítorí náà, bí ọwọ́ rẹ kò bá tilẹ̀ mọ ewúrẹ́ yà, ìwọ pẹ̀lú ti lágbára láti wó òrùlé ẹni ẹlẹ́ni. Kí ni ènìyàn wá ń lọ kọ́ ní yunifásítì? Kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Lamidi Fakeye tí a bí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1928, ilé àwọn agbẹ́gilére ni ó ti jáde, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ni ó sì tún ti kọ́ṣẹ́. Kò ti yunifásítì mú ọwọ́ wá, yunifásítì Ifẹ̀ ni ó wá a lọ kí ó lè fi ọwọ́ náà kọ́ni. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ yunifásítì rí gbà níbẹ̀ ni àyè láti bèèrè, láìsí ẹgba lórí tábìlì, pé ta ni yóò wo ohun tí mo ṣe yìí, kí ni yóò sì gbà pé òun rí? Bí wọn kò bá fún un ní àyè náà, owó ilé-ìwé rẹ̀ gbé.

Kí ọmọ náà tó lọ, mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ fún un. Kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kò sọ ohunkóhun, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí ó tó wọ ọkọ̀, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé páálí àkọ́kọ́ náà wá, èyí tí mo kọ̀. Ó ti tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ lábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀. Ara ògiri pálọ̀ mi ni ó wà báyìí. Àlejò a máa bi mí pé ilé ta ni èyí tí páànù mẹ́ta ti ṣí kúrò lórí rẹ̀, èmi a sì sọ fún un.