Ilẹ̀ Tí À Ń Jà Lé Lórí, Rírìn Ló Ń Rìn

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó wa yìí, ẹni tó bá ń wá ohun tí kì í yẹ̀, àpáta ni yóò nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti fi hàn pé àpáta náà ń rìn. Ojú ayé kì í ṣe odidi. Ó dà bí àpáàdì ńláńlá tí a tò ti ara wọn, tí wọ́n ń yọ́ rìn lórí àpáta gbígbóná ìsàlẹ̀. Áfíríkà àti Bùràsíìlì jẹ́ ilẹ̀ kan náà rí. Irú àpáta tó wà lábẹ́ Èkìtì, tí ooru abẹ́ ilẹ̀ pò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, wà ní àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì dòní. Ó tó mílíọ̀nù 100 ọdún tí òkun ti là wọ́n. Òkun náà ṣì ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ́dún, bí èékánná ṣe ń hù. Òun ni wọ́n kó àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá gbà lọ sóko ẹrú ní Bàhíà, àwọn tó dìde ní Salvador nínú Ràmàdáánì, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835. Láti ìgbà náà, ó ti fi ohun tó lé ní mítà 5 fẹ̀ sí i láàrin àwa àti àwọn ọmọ wọn.

Àwọn oníwàásù kan ń fi áyà 88 inú Súrátù 'n-Naml, tó sọ̀rọ̀ òkè tó ń kọjá bí ìkúùkù, ṣe ẹ̀rí èyí. Àwa kò ní yára bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ onítúmọ̀ àtijọ́ gbé e sí Ọjọ́ Ìgbéǹdé, Kùránì kò sì nílò ẹlẹ́rìí tí a fipá wá.

Ẹjọ́ ààlà ló pọ̀ jù níwájú wa láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ń fa pèrègún tu lóru, wọ́n ń sún un ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ànábì kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ tí kò ju ìbú ọwọ́ lọ, ìpele ilẹ̀ méje ni a ó fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹsẹ̀ bàtà méjì! Láàrin ọgbọ̀n ọdún, Ọlọ́hun ti sún gbogbo Áfíríkà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti oko, àti pèrègún, àti oníjà méjèèjì.

Kí Ọlọ́hun foríjì àwa àti ẹ̀yin. Ẹ̀yin ilé méjèèjì tí ọ̀rọ̀ yín ṣì wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pàdé lójú oko lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ mú àwọn àgbà tó mọ ìdí ààlà náà lọ́wọ́.