Dhul-Qarnayn Kì Í Ṣe Alexander

Ọ̀pọ̀ oníwàásí ló ń sọ pé Alexander ọba Makedóníà ni Dhul-Qarnayn inú Sūratul-Kahf. Àlùkùránì kò sọ bẹ́ẹ̀. Alexander, tí ó kú ní Bábílónì ní ọdún 323 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, jẹ́ abọ̀rìṣà tí ó gbà kí wọ́n pe òun ní ọmọ òrìṣà Ámọ́nì. Inú ìtàn àròsọ tí wọ́n kọ ní èdè Síríákì ni ó ti di olùgbàgbọ́ tí ó mọ odi dí Yájúju àti Májúju. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìtàn Gíríìkì lè rò pé Àlùkùránì ló ṣàṣìṣe, bẹ́ẹ̀ oníwàásí ni. Ibn Kathīr (tí ó kú ní 1373) ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ní ohun tí ó wà láàárín wọn ju 2000 ọdún lọ. Ìṣirò yẹn ṣòro láti fi ẹ̀rí gbè, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó rí nínú ìgbàgbọ́ wọn dúró.