Ìfura sí Aládùúgbò Ẹni

Ẹ̀kọ́ Kíkà: Jóṣúà 22:10-34, Ẹ́kísódù 22:14-15

Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe nígbà tí ọkàn wa bá ń fura sí ẹni tí a jọ ń gbé.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Àwọn baba wa a máa sọ pé ìfura ni oògùn àgbà. Àwọn náà ni wọ́n sọ pé ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A jogún òwe méjèèjì, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan lé èkejì lọ. Ìbéèrè tiwa lónìí ni pé: ìgbà wo ni ìfura jẹ́ ọgbọ́n, ìgbà wo ni ó sì di ẹ̀ṣẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ̀ ń gbé ní ilé kan ní Ìṣẹ́ tàbí ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ayálégbé mẹ́jọ ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Ní Ọjọ́rú, ẹlòmíràn ni ó wà á. Nígbà mìíràn, òru ni ọkọ̀ ń wọlé. Nídìí ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ní kabukabu ni ó ń fi í ṣe. Ẹnìkejì ní oníjìbìtì ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹnìkẹta rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ajínigbé ni wọ́n. Kí ni kí ẹ ṣe?

I. ÌFURA NÍ ÌDÍ TIRẸ̀

Kí a má ṣe dá ẹni tí ń bẹ̀rù lẹ́bi kíákíá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan dúró ní Emùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ kéékèèké àti àwọn olùkọ́ wọn lọ. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, wọ́n sì pa awakọ̀ wọn. Emùré kò jìnnà sí wa. Òbí tí ó bá rántí ọjọ́ náà yóò máa wo ọkọ̀ àjèjì ní àwòtúnwò, a kò sì lè pe èyí ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó ní kò kan òun rárá kò fẹ́ràn àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ tó.

II. ÌFURA A MÁA PANIYAN

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ọdún 2025, àwọn ọdẹ kan wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń ti Port Harcourt bọ̀, wọ́n ń lọ sí Kánò láti ṣe ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ nílé. Ní Uromi, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn èrò sì pariwo pé ajínigbé ni wọ́n. Ènìyàn 16 ni wọ́n pa. Òótọ́ ni pé ìbọn wà níbẹ̀, nítorí kò sí ọdẹ tí kì í ní ìbọn. Ojú àwọn èrò náà kò purọ́ fún wọn. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún ohun tí wọ́n rí ni kò tọ́, wọn kò sì ní sùúrù láti béèrè.

III. FÍNÉHÁSÌ BÉÈRÈ

Irú ọ̀ràn yìí ni ó wà nínú ẹ̀kọ́ kíkà wa. Àwọn ẹ̀yà tí ó wà ní òdìkejì Jọ́dánì kọ́ pẹpẹ ńlá kan. Àwọn yòókù gbọ́, wọ́n péjọ ní Ṣílò láti lọ bá wọn jagun. Pẹpẹ wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yọ idà, wọ́n rán Fínéhásì àti ìjòyè mẹ́wàá láti lọ sọ ẹ̀sùn wọn ní ojúkojú. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ pé kì í ṣe pẹpẹ ẹbọ, bí kò ṣe ẹ̀rí fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la pé ọ̀kan ni gbogbo wọn.

Ẹ rántí ẹni tí Fínéhásì jẹ́. Òun ni ó fi ọ̀kọ̀ gún ènìyàn méjì pa nínú Númérì orí 25. Bí ẹnìkan bá wà tí a lè rò pé yóò kọ́kọ́ kọlù wọ́n, òun ni. Síbẹ̀ ní ọjọ́ yìí, ẹnu ni ó mú lọ, etí ni ó sì fi gba èsì.

IV. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, ẹ ya ohun tí ẹ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ fi kún un. Ohun tí ẹ rí ni pé ènìyàn méjì wa ọkọ̀ kan. Ó lè jẹ́ mẹkáníìkì ni, tàbí àbúrò rẹ̀, tàbí ẹni tí ó fẹ́ gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn.

Èkejì, ẹ wọn ọ̀ràn náà bí ó ti tó. Bí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù ti ọkọ̀ àdáni bá ń kó èrò bí ọkọ̀ onínọ́ńbà pupa, ó rú òfin, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ́ di gbọ́mọgbọ́mọ.

Ẹ̀kẹta, bí ọ̀ràn kò bá mú ewu ẹ̀mí lọ́wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹnìkan lè ní, “Bí ó bá jẹ́ ọ̀daràn ńkọ́? Ṣé kí n lọ ta á lólobó ni?” Rárá. Bí ẹ bá rí ohun tí ó lè gba ẹ̀mí, ẹ má ṣe dá lọ bá a. Ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, àti àkókò ni kí ẹ sọ. Ẹ má ṣe gbé ìdájọ́ lọ. Ẹni tí ó mú ẹ̀rí wá ti ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó kó èrò jọ ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́.

V. Ẹ̀YIN TÍ Ẹ NÍ ỌKỌ̀

Ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Ìwé Ẹ́kísódù fi hàn pé ohun tí a yá ènìyàn ní ojúṣe nínú, pàápàá nígbà tí olóhun kò bá sí níbẹ̀. Láti ọdún 1945 ni òfin ilẹ̀ wa ti sọ pé a kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀, tàbí kí a jẹ́ kí ẹlòmíràn wà á, láìní ìwé ìdójútòfò. Láti ọdún 2023 ni owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni ti di náírà 15,000. Ẹ béèrè ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ mọ ibi tí ó ń lọ. Ẹ mú un kí àwọn ará ilé. Gbólóhùn kan ní àárọ̀ lè pa òfófó oṣù kan.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èwo ni ó wọ́pọ̀ jù ní àdúgbò yín: àìfura ni, tàbí ìfura àṣejù?
2. Bí Fínéhásì bá rí i pé pẹpẹ ẹbọ ni ní tòótọ́, ǹjẹ́ ìbéèrè rẹ̀ yóò ti jẹ́ asán?
3. Ta ni ẹ ti ń fura sí fún ìgbà pípẹ́ tí ẹ kò tíì bi ní ìbéèrè kan ṣoṣo? Kí ni yóò ná yín láti bi í ní ọ̀sẹ̀ yìí?